Ọba Ọmọdé àti Ọwọ́ tí ó Bá A Di Adé Mú

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a jókòó sí àdúrà nínú ilé wa ní Ilemọna, lẹ́bàá Ọ̀fà, orí kọkànlá Ìwé Àwọn Ọba Kejì ni ó kàn wá láti kà. Níbẹ̀ ni ìtàn Joaṣi gbé wà, ọmọ ọba Juda tí ó gorí ìtẹ́ nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje. A kà á títí a fi dé ibi tí Jehoiada àlùfáà gbé fi adé lé ọmọ náà lórí, tí àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méje, gbójú sókè sí mi, ó wí pé, "Bàbá, ẹ dákun, ṣé adé náà bá orí rẹ̀ mu? Ta ni ó ń bá a dì í mú kí ó má baà jábọ́?"

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, nítorí kò tọ́ kí a máa fi Ìwé Mímọ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n mo dá a lẹ́kun, nítorí pé lójú tèmi ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe eré rárá. Ohun tí àwọn òpìtàn ń wádìí nínú ìwé ńláńlá ni ó béèrè nínú gbólóhùn kan. Nígbàkígbà tí a bá gbé ọmọdé sórí ìtẹ́, ọwọ́ kan wà tí ó ń bá a di adé náà mú, ọwọ́ yìí ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo ọmọ náà. Mo ṣe ìlérí pé èmi yóò sọ ìtàn ọba ọmọdé méjì fún un, ọ̀kan láti ilẹ̀ Íjíbítì, èkejì láti ilẹ̀ àwa Yorùbá fúnra wa. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pẹ̀lú àwọn nǹkan díẹ̀ tí a kì í sọ sí etí ọmọdé nígbà tí oorun bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ìlú Káírò, ní oṣù kẹfà ọdún 1341, Sultan al-Nasir Muhammad wàjà. Ọba ńlá ni. Òun ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Mansa Musa, ọba Mali, gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1324, tí wúrà tí ó ná níbẹ̀ sì di ohun tí àwọn ará ìlú náà ń ròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun fúnra rẹ̀ pàápàá ti jẹ ọba ọmọdé rí. Ní ọdún 1293 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í jẹ, nígbà tí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó lò tó ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò, ó gba ìtẹ́ náà fún ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni al-Nasir gorí ìtẹ́ kí ìjọba tó fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni ó pẹ́, láti ọdún 1310 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà ní gbogbo Íjíbítì tí ó mọ ohun tí ojú ọba ọmọdé ń rí, òun ni. Síbẹ̀, ohun tí ó bá a ní kékeré náà ni ó padà bá ọmọ rẹ̀, ó sì burú jù ú lọ.

Kí a tó lè lóye rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú àwọn tí ń ṣàkóso Íjíbítì nígbà náà. Mamluk ni wọ́n ń pè wọ́n, ìtumọ̀ èyí ni ẹni tí a fi owó rà. Láti òkèèrè ni a ti ń ra wọ́n wá ní ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn láti inú ẹ̀yà àwọn Tọ́ọ̀kì tí ń gbé ní pápá gbalasa òkè Òkun Dúdú. A óò kọ́ wọn ní ẹ̀sìn Mùsùlùmí, a óò kọ́ wọn ní ẹṣin gígùn àti ọfà títa, lẹ́yìn náà a óò sọ wọ́n di òmìnira, wọn yóò sì di ọmọ ogun ọba. Ẹni tí ó bá lákíkanjú nínú wọn a di ìjòyè ogun. Ní ọdún 1250 ni irú àwọn ẹrú ọmọ ogun wọ̀nyí gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olúwa wọn, ìjọba náà kò sì kúrò lọ́wọ́ wọn títí di ọdún 1517.

Nítorí náà, ní ilẹ̀ tí ẹrú ti lè di ọba, kò sí ìjòyè ogun kan tí kò rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìtẹ́ náà lè kan òun. Èyí ni ó sì mú kí ọmọ ọba wúlò fún wọn. Bí ọba bá kú, tí olúkúlùkù ìjòyè kò sì fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́, wọn a fi ọmọ ẹni tí ó kú síbẹ̀ bí ẹni fi àga pààlà, títí ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn yóò fi hàn. Bí ọmọ náà bá sì ti kéré tó ni ó ti dára tó lójú wọn.

Ìjòyè kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Qawsun. Ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1320, nígbà tí wọ́n ń mú ọmọbìnrin ọba àwọn Mongoli kan bọ̀ wá fún al-Nasir láti fi ṣe aya, Qawsun bá àwọn èrò náà wá, kì í ṣe bí ẹrú bí kò ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní ọjà díẹ̀ láti tà. Sultan rí i, ó wù ú, ó sì fẹ́ rà á. Qawsun gbà kí a ta òun, a sì san owó náà fún arákùnrin rẹ̀. Ẹni tí ó fi òmìnira ra ọ̀nà àtidi ọlọ́lá ni! Ọgbọ́n náà sì ṣiṣẹ́ fún un: ó di ẹni tí ń gbé ife fún ọba, ó fẹ́ ọmọbìnrin ọba, ó kọ́ mọ́ṣáláṣí ní Káírò, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó lówó jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Nígbà tí al-Nasir kú, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ Abu Bakr jẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó bí ọmọ ogún ọdún. Kò pé oṣù méjì tí Qawsun fi gbọ́ pé ọba tuntun náà ń gbèrò láti mú òun. Qawsun ṣáájú rẹ̀. Ó yọ ọ́ lórí ìtẹ́, ó kó o ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀ sí ìlú Qus ní apá gúúsù Íjíbítì, níbẹ̀ ni a sì pa á ṣáájú kí ọdún náà tó parí.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1341 ni wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ sórí ìtẹ́ nínú ilé olódi tí ó wà lórí òkè ní Káírò. Kò ju bí ọmọ ọdún méje lọ. Kujuk ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì tí ó túmọ̀ sí "kékeré". Oyè ńlá ni wọ́n fún un: al-Malik al-Ashraf, ọba tí ó lọ́lá jù lọ. Qawsun sì di igbákejì ọba, ohun gbogbo sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn òpìtàn Káírò kọ sílẹ̀ nípa ọmọ yìí tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Bí a bá mú ìwé àṣẹ wá tí ọba ní láti fọwọ́ sí, wọn a fi kálàmù sí ọmọ náà lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní kéú a sì di ọwọ́ náà mú, a máa tì í lọ tì í bọ̀ lórí ìwé títí orúkọ ọba yóò fi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọdé ní ABD rí mọ bí ọwọ́ kékeré ti máa ń rí lábẹ́ ọwọ́ àgbà, bí ó ti máa ń rọ̀, tí kò sì mọ ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ènìyàn joyè, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní orúkọ ọmọ tí ó yẹ kí ó máa kọ́ ìwé lórí wàláà.

Oṣù márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ al-Nasir mìíràn wà tí ń jẹ́ Ahmad, ẹ̀gbọ́n Kujuk, tí ń gbé nínú ilé olódi Karak, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jọ́dánì lónìí. Qawsun ránṣẹ́ pè é wá sí Káírò. Ahmad kò wá, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Qawsun rán ọmọ ogun sí i. Olórí àwọn ọmọ ogun náà yí padà, ó gbè sẹ́yìn Ahmad. Nígbà tí àwọn ìjòyè tí ó wà ní Káírò rí i pé ilẹ̀ Síríà ti ń yí padà, àwọn náà dìde. Aydughmish, olórí ilé ẹṣin ọba, tú àwọn mẹ̀kúnnù sí ààfin Qawsun kí wọ́n kó o, wọ́n sì kó o ní ìkógun. A mú Qawsun, a fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n ní Alẹkisáńdíríà, ibẹ̀ ni a sì gbé pa á. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1342, a yọ ọmọ náà lórí ìtẹ́, a sì dá a padà sínú ilé àwọn obìnrin.

Ahmad tí wọ́n torí rẹ̀ jà kò lò ju oṣù mélòó kan lọ kí ó tó sá padà sí Karak pẹ̀lú ìṣúra ìlú; wọ́n sì fi arákùnrin mìíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn èyíinì òmíràn. Ní ogún ọdún tí ó tẹ̀lé ikú al-Nasir, mẹ́jọ nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni a gbé gorí ìtẹ́. Ní ti Kujuk, ní ọdún 1345, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ Sha'ban ń jọba, a pa á nínú àtìmọ́lé. Kò ju bí ọmọ ọdún méjìlá lọ. Kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan bí kò ṣe pé a ti gbé adé lé e lórí rí.

Èyí tí ó wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fò nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún ọmọ náà. Mo ní wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bá mi wí nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé wàyí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1901, kọ ìtàn àwọn Yorùbá láti ẹnu àwọn arọ́kin ààfin. Ní ọdún 1897 ni ó parí rẹ̀. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù, arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Nínú ìwé náà ni ìtàn Àgànjú, Ìyáyùn àti Kórì gbé wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, kò sí ọdún lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àwọn Aláàfin àkọ́kọ́ ni, ní Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tí wọn kò tíì jìnnà sí ìgbà Ṣàngó.

Àgànjú jẹ́ ọba tí ó pẹ́ lórí ìtẹ́ tí ohun gbogbo sì tù ú lára. A ní àwọn ẹranko búburú kì í ṣe é ní ibi, àní ó ń sin ẹkùn nínú ààfin. Ó fẹ́ràn ẹwà: òun ni ó fi òpó idẹ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, tí ó sì dá a sílẹ̀ pé kí a máa ta aṣọ yí ààfin ká ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ Ìyáyùn, ọmọbìnrin Onísàmbò; bàbá ọmọ náà kò fi í fún un. Àgànjú gbógun tì í. Ìlú mẹ́rin ni ogun náà fọ́, a mú ọba mẹ́rin ní ìgbèkùn, a sì fi agbára mú ìyàwó náà wá sí Ọ̀yọ́. Ẹ wo irú ìgbéyàwó tí èyí jẹ́! Ohun tí a fi ipá mú wá, ipá náà ni ó bá a gbé. Kò pẹ́ tí a rí i pé Àrẹ̀mọ ọba, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ń bá Ìyáyùn ṣe àṣepọ̀. Ọba kò wo ojú ọmọ. Ó ní kí a pa á. Ìbànújẹ́ náà sì pa òun náà láìpẹ́, kò sì fi àgbàlagbà kankan sílẹ̀ tí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Kórì nìkan ni ó kù, ọmọ Ìyáyùn, ọmọ jòjòló.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni èyí. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀wọ́ àwọn ìjòyè méje tí ń jẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń yan ọba, Baṣọ̀run tí í ṣe olórí wọn ni ó sì máa ń di ìlú mú nígbà tí ìtẹ́ bá ṣófo. Bí a bá ti ìwà ọmọ aráyé wò ó, irú àkókò báyìí ni ó yẹ kí Qawsun kan dìde láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Ìyáyùn ni wọ́n fi ìlú lé lọ́wọ́. Kì í sì ṣe pé ó jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ títa tí ó ń rán ènìyàn níṣẹ́. Johnson kọ ọ́ pé ó dé adé, ó wọ aṣọ ọba, ó gbé ẹ̀jìgbà sọ́rùn, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye tí ó gùn dé orúnkún, ó mú ọ̀pá ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ṣàkóso bí ọkùnrin títí ọmọ rẹ̀ fi dàgbà tó láti gba adé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá rántí àṣà mìíràn ní Ọ̀yọ́ tí Johnson kan náà kọ sílẹ̀. Nítorí pé ọba kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò gbọ́dọ̀ ní ìyá láyé. Bí ẹni tí a fẹ́ fi jẹ Aláàfin bá ní ìyá tí ó wà láàyè, wọn a ní kí ìyá náà "lọ sùn", ẹ̀yin sì mọ irú oorun tí wọ́n ń wí. Obìnrin mìíràn nínú ààfin ni a óò sì fi jẹ oyè Ìyá Ọba. Ní ìlú tí ó ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ ni a gbé ń ròyìn obìnrin kan tí kò lọ sùn, tí ó jí, tí ó sì dé adé mọ́ orí títí orí ọmọ rẹ̀ fi tó o.

Kí ni ó fà á tí ọwọ́ Ìyáyùn kò fi ṣe ohun tí ọwọ́ Qawsun ṣe? Àwọn kan yóò sọ pé ìyá ni, ìyá kò sì ní pa ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́, nítorí Atalaya tí a kà nípa rẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá bàbá Joaṣi ni, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń pa. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó wà ńbẹ̀ rọrùn láti rí. Qawsun ní ọ̀pọ̀ ọmọ ọba níkàáwọ́. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, yóò mú òmíràn. Ẹni tí ó ní àgbébọ̀ méjìlá kì í sunkún bí àṣá gbé ọ̀kan. Ìyáyùn kò ní ju ọ̀kan lọ. Àlejò ni ní Ọ̀yọ́. A ti fọ́ ìlú bàbá rẹ̀. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò ní agbo ilé tí yóò sá sí. Bí Kórì bá kú lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ adé yóò ti kúrò lórí rẹ̀, bóyá orí náà pẹ̀lú. Ẹ̀mí àwọn méjèèjì wà lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ọ̀yọ́ Mèsì pẹ̀lú kò ní Àrẹ̀mọ mìíràn tí wọn yóò máa fi pààrọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo èyí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààfin nìkan. Ní gbogbo agbègbè wa yìí, bí bàbá bá kú tí ó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, ẹbí a jókòó, a sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ilẹ̀, ilé àti igi igbá tí ó fi sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé, ta ni ó dàgbà jù? Ta ni ó mọ ọ̀rọ̀ sọ? N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, bí ohun búburú bá ṣe ọmọ yìí, ta ni yóò jèrè nínú rẹ̀, ta ni yóò sì pàdánù? A máa ń tijú láti béèrè rẹ̀ lójú olóyè àti àlùfáà. Mo ti rí ọmọ tí ó dàgbà tán tí kò rí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gbà mọ́, tí àwọn tí ó jókòó nínú ìpàdé náà sì ń sọ pé àwọn kò rántí. Èmi pẹ̀lú wà lára àwọn tí ó jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Yorùbá kò ní Qawsun tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1754, Gáà di Baṣọ̀run ní Ọ̀yọ́. Àwọn tí ó fi jọba kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lára wọn gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ olùkọ́ ti wà lára ọwọ́ Kujuk. Lábísí lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré, a kò tilẹ̀ tíì dé e ládé tán. Awónbíojú lo 130 ọjọ́. Johnson ní ọba márùn-ún ni Gáà gbé sórí ìtẹ́, ó pa mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀karùn-ún sì pa á. Ẹ̀karùn-ún náà ni Abíọ́dún, ní ọdún 1774. Ọmọ ọba pọ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà Gáà. Ní ìgbà Ìyáyùn wọn kò pọ̀.

Nígbà tí Kórì dàgbà, kò jọ ẹni tí a tọ́ lábẹ́ aṣọ obìnrin. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ń da àwọn oníṣòwò láàmú ní ọ̀nà ọjà Àpòmù, wọ́n ń jí ènìyàn gbé. Kórì rán ọdẹ kan tí a mọ̀ fún ọfà títa, Tìmì, lọ láti dáàbò bo ọ̀nà náà. Ibi tí ó tẹ̀dó sí ni ó di ìlú Ẹdẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ìtàn Tìmì mọ́ ti Ṣàngó, ṣùgbọ́n ìgbà Kórì ni Johnson fi í sí. Ó wúni lórí láti rántí pé Johnson ka Ẹdẹ mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ka Ọ̀fà mọ́ wọn. Nítorí náà ohun tí ọmọ Ìyáyùn ṣe kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àwa tí a wà níhìn-ín.

Àṣà kí obìnrin máa di ìtẹ́ mú kò sì tíì parẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a fi ń ṣe Adélé, a sì máa múra bí ọkùnrin, títí a óò fi yan ọba mìíràn. Láti ìparí ọdún 2013 títí di ọdún 2015, ọmọbìnrin Déjì tí ó wàjà ni ó jókòó ní ipò náà ní Àkúrẹ́. Mo gbàgbọ́ pé àwọn baba ńlá wa ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀: ọmọbìnrin tí kò lè jẹ oyè náà fún ara rẹ̀ kì yóò rí ìdí láti bá ẹni tí yóò jẹ ẹ́ jà.

Ní ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà, àwọn Swazi ṣe ohun tí ó jọ ti Ọ̀yọ́. Ní ìparí ọdún 1899, ọba wọn Bhunu kú, ó fi ọmọ kan sílẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà láyé. Ìyá Bhunu, Labotsibeni, ni ó bá ọmọ ọmọ rẹ̀ di ìlú mú fún ọdún méjìlélógún, ní àkókò tí àwọn Òyìnbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ wọn tán. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó rán ọmọ náà lọ sí ilé ìwé, ó sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ dá owó jọ láti máa fi ra ilẹ̀ wọn padà. Ní ọdún 1921 ó fi ìjọba lé ọmọ náà lọ́wọ́. Sobhuza Kejì ni. Ọdún 1982 ni ó tó wàjà, nígbà tí ó ti di arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Nígbà tí mo sọ ìtàn wọ̀nyí tán, àwọn ẹ̀gbọ́n ti sùn lórí ẹní. Ọmọ ọdún méje náà kò sùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá wí pé, "Bàbá, Joaṣi ńkọ́? Ta ni ó bá a di tirẹ̀ mú?"

Mo sọ fún un pé Jehoṣeba, arábìnrin bàbá rẹ̀, ni ó jí i gbé kúrò láàárín àwọn tí a ń pa, tí ó fi òun àti olùtọ́jú rẹ̀ pamọ́ sí yàrá ibùsùn, tí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú ilé Olúwa fún ọdún mẹ́fà. Pé Jehoiada, ọkọ rẹ̀, sì ni ó kọ́ ọ ní ohun tí ọba ń ṣe. Mo ní ogójì ọdún ni ó fi jọba.

"Ó sì ṣe dáadáa?"

Mo ní, "Ọkọ mi, lọ sùn. Ìyókù rẹ̀ wà nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí kẹrìnlélógún. Lọ́la ni a óò kà á."

Mo ṣí ìwé náà fúnra mi nígbà tí ó lọ tán. Jehoiada di arúgbó, ó sì kú, a sin ín láàárín àwọn ọba. Sekaraya ọmọ rẹ̀ dìde láti bá ọba wí nítorí ìbọ̀rìṣà. Joaṣi pàṣẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní òkúta pa nínú àgbàlá ilé Olúwa, inú ilé kan náà tí bàbá rẹ̀ ti gbé adé lé ọmọ ọdún méje lórí.